Apá òsì méjì

Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Mò ń kọ èyí nítorí ẹni tó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ní ilé kejì nínú orí òun, tó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ń tijú láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí èmi fi tijú. Ohun tó ná mi ò kéré. Bí ẹnì kan bá lè ti ara tèmi yọ, ó tó mi.

Kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí mi sí, bí wọ́n bá ní kí n lọ gbá ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, màá gbá a tán kíá, màá wá máa rìn lọ rìn bọ̀ láti ìdí igi ìbẹ́pẹ dé ẹnu kànga, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ètè mi á máa mì. Ìtàn ni mò ń sọ fún ara mi. Nínú ìtàn yẹn mo lè jẹ́ ọmọ ọba, mo lè jẹ́ olùkọ́ tó wọ bàtà gogoro, mo lè jẹ́ dókítà tí wọ́n wá fi mọ́tò gbé nílé. Lọ́jọ́ tí ìyá mi yọ sí mi lójijì, tó rí i tí mò ń dá sọ̀rọ̀ tí mo sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù bà á. Ó ní kò sí àní-àní, ọmọ òun lẹ́gbẹ́. Bí wọ́n ṣe mú mi dé ọ̀dọ̀ wòlíì nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n wẹ̀ mí lóru, wọ́n ní kí n dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ mi. Mi ò mọ orúkọ kankan. Nígbà tí ebi wọ̀ mí lára, mo dárúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Mi ò dá ìyá mi lẹ́bi, ohun tó mọ̀ ló ṣe. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí mo kó bọ̀ láti ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rí mi mọ́. Ẹsẹ̀ mi dúró, ètè mi dúró, gbogbo ẹ̀ wọnú orí lọ. Inú orí ò sì ní ilẹ̀kùn tí èèyàn lè kàn. Ìyá tó bá ń ka èyí, tó ní ọmọ tó máa ń dá rìn tó máa ń dá sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í kí ẹ ní kó sọ ìtàn náà fún yín.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Mo jáde ìwé mẹ́wàá ní 2003, mo ṣe ìdánwò ìwọlé lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ mi ò jáde. Ní 2005 wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ. Mo lo ọdún mẹ́ta, mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù, mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá mi díẹ̀ sí i, mo sì gba ṣọ́ọ̀bù tèmi ní 2011.

Ẹ̀rọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, Singer onípẹ́dàlì tó jẹ́ ti ìyá ìyá mi ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ tó ń tẹ pẹ́dàlì àti ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìnkùlé, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe fún mi. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, tí mo fi íàfóònù sétí, tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ró, ìṣẹ́jú méjì ò ní í pé, mo ti lọ.

Peckham ni mò ń lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń gbé níbẹ̀, ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí. Ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa Rye Lane, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu àti ata rodo lẹ́bàá títì. Òun ló sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì 12 ń gba àdúgbò àwọn kọjá lọ sí Oxford Circus. Ohun tó sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi ni mo kọ́ ìyókù. Mo kọ́ fúláàtì kan sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo ta kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sí i. Mo fún ara mi ní orúkọ mìíràn, mo di nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, mo wọ aṣọ búlúù, mo fi káàdì kọ́rùn. Mo mọ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo mọ èyí tó máa ń pẹ́ dé nínú wọn. Lóru ọjọ́ kan, ọmọ tuntun kan ò sunkún, ọwọ́ dókítà ti rọ, èmi ni mo gba ọmọ náà, mo tọ́jú ẹ̀ títí tó fi mí. Gbogbo wọn dìde dúró fún mi. Ọmọ kan ṣoṣo yẹn, mo ti gbà á là nígbà ẹgbẹ̀rún.

Ní fúláàtì yẹn, mi ò lọ́kọ. Mi ò bímọ.

Èyí ló nira fún mi jù láti kọ. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, mo sì fẹ́ràn wọn ju ẹ̀mí mi lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé wọn wọ bọ́ọ̀sì 12 pẹ̀lú mi, gbogbo ẹ̀ á dà rú: ọ̀kan á ní ebi ń pa òun, èkejì á ní òun fẹ́ tọ̀, àlá á fọ́. Ni mo bá ń fi wọ́n sílẹ̀. Tó bá dalẹ́, tí wọ́n sùn tì mí, màá wo ojú wọn, màá bi ara mi pé irú ìyá wo nìyí. Ìtìjú yẹn á mú mi, kí n sì tó mọ̀, mo ti padà sí Peckham lọ sá fún un.

Ọdún 2016 ni nǹkan le. Ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún náà, ibi tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ dá wọn dúró, àwọn oníbàárà sì dín aṣọ rírán kù. Èmi ni mo wá ń gbọ́ bùkátà ilé. Ṣáájú ìgbà yẹn, Peckham dà bí ibi tí mo ń yà sí lọ́nà ọjà. Láti ìgbà yẹn, ó di ibi tí mo ń gbé, Mọ́kọ́lá ló wá di ibi tí mo ń yà sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó. Ní oṣù kejì 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn tó ń tọ́jú arúgbó kún àwọn tí wọ́n ń fún ní físà iṣẹ́ ìlera. Ìròyìn náà ja ràìn-ràìn, jápá di ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé. Ajẹ́ńtì kan ní òun á bá mi rí ilé iṣẹ́ tó máa gbà mí, ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án ẹgbẹ̀rún náírà. Mo ta ẹ̀rọ wíìfìn mi, èyí tó ń di etí aṣọ. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n kó àjọ ṣáájú ẹni tó kàn. Mo yá ìyókù ní alájẹṣẹ́kù.

Mi ò bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè kan. Mi ò béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ láti gba èèyàn láti òkè òkun sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi tí mo máa ń ná owó òwú títí ẹni tó ń tà á á fi bínú! Nígbà tó yá ni mo mọ ohun tó fà á: èmi ti dé Peckham tipẹ́. Ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ kì í bi dírẹ́bà bóyá mọ́tò á gbéra. Ní oṣù kẹfà, fóònù ajẹ́ńtì ò wọlé mọ́. Títí di òní mi ò rí i. Ìjọba tọ̀hún ní kí àwọn olùtọ́jú má mú ẹbí dání mọ́ ní oṣù kẹta 2024, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun láti òkè òkun ní oṣù keje 2025. Lóru ọjọ́ tí mo gbà pé owó ti lọ, ẹ ò ní í gbà gbọ́, Peckham náà ni mo lọ kí wọ́n lè tù mí nínú.

Oṣù kọkànlá 2023 ni ọ̀rọ̀ léèsì ṣẹlẹ̀. Oníbàárà mi kan tó ti bá mi bọ̀ láti ọjọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún. Ó ra léèsì aláwọ̀ wáìnì ní Gbági, yáàdì márùn-ún, ó fẹ́ fi rán gáùn. Ó kó o fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ìyàwó, aṣọ yìí ni mo tìtorí ẹ̀ kówó jọ látọdún tó kọjá o."

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni mo gé e. Ẹni tó ń ránṣọ á mọ̀ pé apá gáùn ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn. A máa ń gé ti iwájú wọnú díẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, kó lè jókòó sí ìdí apá. Bí a bá ṣẹ́ aṣọ po, a ó gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan á jẹ́ ọ̀tún, èkejì á jẹ́ òsì. Nítorí kí òdòdó ara léèsì lè bára mu, mo ní kí n gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ò burú, bí mo bá ti rántí yí bébà dojú dé nígbà tí mo fẹ́ gé èkejì. Iná ò sí. Òjò ń rọ̀. Mo gé apá àkọ́kọ́. Ibi tí mo ti ń gbé bébà síbòmíì lórí léèsì ni bọ́ọ̀sì 12 ti dé. Mo wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo padà, sísọ́ọ̀sì ti gé ibi tó kẹ́yìn tán, apá méjì wà lórí tábìlì, àpá òdòdó wọn bára mu dáadáa. Mo gbé ọ̀kan lé èkejì. Apá òsì méjì.

Mo yí ọ̀kan dojú dé. Léèsì náà ní ojú, ó ní ẹ̀yìn, kò ṣe é yí. Mo tún yí i padà. Mo fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, mo tún gbé e lé èkejì, bí ẹni pé ó lè yí padà fúnra ẹ̀. Èyí tó kù nínú yáàdì márùn-ún ò tó apá ọmọdé. Mo lọ Gbági lọ́jọ́ kejì, mo dé Aléṣinlọ́yẹ́, mo rí wáìnì oríṣiríṣi, mi ò rí irú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, kò pariwo. Ó mú apá méjèèjì, ó tẹ́ wọn sórí itan ẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́. Ó ní, "Ṣé o ṣàìsàn ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kí ló wá ṣe ọ́?" Mi ò rí èsì fún un. Àjèjì oníbàárà ìbá bú mi, mà bá rí nǹkan sọ.

Mo san owó léèsì náà fún un láàárín oṣù mẹ́rin. Ìbéèrè ẹ̀ ni mi ò rí san. Òun náà ni mo padà lọ bá lẹ́yìn ọdún Kérésì, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí igi ìbẹ́pẹ. Òun lẹni àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, wọ́n sì darí mi sí ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń rí onímọ̀ nípa ọkàn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lọ. Ẹ̀rù Àró ló ń bà mí. A mọ bí a ṣe ń lo orúkọ yẹn níbí: bí ọmọ bá ya ìyàkuyà, a ní kí wọ́n gbé e lọ sí Àró. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, ṣe ní ilé ìwòsàn Àró, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, iṣẹ́ tí gbogbo ayé wá wò ni, bó ṣe ní kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí ẹ̀ láàárín abúlé, kí wọ́n má ti ì mọ́lé. Ó dùn mí pé èébú la fi ń bu ara wa.

Dókítà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, ló gbà mí lálejò. Ó ń pè mí ní Mà, ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní wèrè kọ́. Ó ní ọkàn gbogbo èèyàn ló ń rìn: ní 2010, àwọn olùwádìí méjì ní Harvard, Killingsworth àti Gilbert, fi fóònù bi àgbàlagbà 2,250 léèrè lójijì pé níbo ni ọkàn yín wà báyìí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìgbà tí ọkàn wọn ò sí níbi ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà kan, Jerome Singer, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú àlá yìí, ó sì fi hàn pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lóore. Orúkọ ara ẹ̀rọ mi ni mo gbọ́ yẹn, ara mi sì wálẹ̀ díẹ̀. Ó wá ní ọ̀nà kan wà tí ó fi ń di ìdè. Ní 2002, Eli Somer, onímọ̀ nípa ọkàn ní Ísírẹ́lì, kọ̀wé nípa àwọn mẹ́fà kan tó ń tọ́jú, ó sì pè é ní maladaptive daydreaming, ìyẹn àlá ojú ọ̀sán tó ti ń pani lára. Àwọn dókítà ò tíì fi í sínú ìwé tí wọ́n to orúkọ àìsàn sí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é kárí ayé pọ̀. Ó ní orin ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ, àti ìrìn lọ rìn bọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ebi pa láti dárúkọ ẹgbẹ́, òun ni mò ń sunkún fún.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣiṣẹ́, àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Mo kọ́kọ́ búra pé mi ò ní í lọ mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dúró, ọjọ́ kejìlá mo lọ, mi ò sì bọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ má búra. Ìwé òṣùwọ̀n oníbàárà mi ló ràn mí lọ́wọ́. Dókítà ní kí n máa fa ìlà kan sẹ́yìn ìwé nígbàkígbà tí mo bá bọ̀, kí n kọ aago àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó lọ. Mo ti rò pé wákàtí kan ni lójúmọ́. Wákàtí mẹ́rin ni, nígbà míì márùn-ún. Ohun tó sì wà níwájú ìlà púpọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ owó ilé ni, tàbí ọjọ́ tí ọkọ mi jẹun tán tó dìde láì sọ nǹkan kan. Mo ti máa ń rò pé ẹwà ibẹ̀ ló ń fà mí. Ìwé òṣùwọ̀n ló fi hàn mí ohun tó ń tì mí.

Mo yọ íàfóònù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dà bí ọ̀fọ̀, mo ń bú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi láìnídìí, mo sì bẹ̀ wọ́n lẹ́yìn náà. Bí mo bá fẹ́ gé aṣọ báyìí, mo máa ń dúró, mi ò kí ń jókòó. Mo máa ń sọ ọ́ síta pé, "Ọ̀tún nìyí, iwájú ẹ̀ nìyí," ọmọ iṣẹ́ mi á sì dáhùn. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn apá kọ̀ọ̀kan kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án.

Lọ́jọ́ kan dókítà ní kí n sọ àlá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá béèrè pé, "Mà, níbo gan-an nínú ẹ̀ lara ti máa ń tù yín jù?" Mo ronú pẹ́. Ibi méjì ni. Ìgbà tí wọ́n dìde fún mi, àti ìgbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́ wọ fúláàtì, tí ohunkóhun ò dún. Kò sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù nínú méjèèjì. Ó ní báwọn ọmọ mi ò ṣe sí níbẹ̀, ìsinmi tí mo ń wá ló fà á, kì í ṣe pé mi ò nífẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò mọ̀ bóyá mo gbà á tán títí dòní, àmọ́ mo ń sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Mo sọ fún ọkọ mi. Mo sọ ti Peckham, mo sọ pé kì í kí mi kú iṣẹ́. Ó dákẹ́, ó ní òun rò pé mo mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè báyìí, ó máa ń kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ fún wákàtí méjì. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà míì mo máa ń lọ sí Peckham ní wákàtí yẹn, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbèsè alájẹṣẹ́kù ṣì kù díẹ̀. Mi ò tíì ra wíìfìn míì.

Ó ṣì máa ń gbé mi láìròtẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ń rọ̀, iná ò sí, mo ń tẹ pẹ́dàlì. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti dé láti iléèwé, mi ò mọ̀. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Màmá mi, níbo lẹ tún wà?"

Mo ní mo wà ní Peckham. Ó ní kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Mo ní nọ́ọ̀sì ni mí níbẹ̀, mo ń gbẹ̀bí. Ó rò ó wò, ó ní, "Ṣé èmi náà wà níbẹ̀?"

Mo ní rárá, o ò sí níbẹ̀.

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé ẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú mi lórí ẹ̀rọ, ó fi ìka sí ibi tí bọ́tìnnì ti já. Ó ní, "Ẹ bá mi gán èyí kí ẹ tó padà lọ."

Mo wá òwú funfun.